Processor server olówó pọ́ọ́kú: kí oníṣòwò yẹ̀ ẹ́ wò kó tó sanwó

Oníṣòwò tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó tàbí tó ń gé fídíò ìnáwó mọ ohun tójú rẹ̀ ń rí bí kọ̀ǹpútà bá bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Oníbàárà á jókòó tì í, jẹnẹrétọ̀ á máa mu epo, iṣẹ́ ò sì ní í tán. Ìdí nìyí tí ojú irú wọn fi ń tètè wọ Xeon tòkunbọ̀, ìyẹn processor tí Intel ṣe fún server. Bí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá òkè òkun bá ti pààrọ̀ server wọn, àlòkù ibẹ̀ á dọjà, owó rẹ̀ á sì wálẹ̀ gan-an.

Kò sóhun tó burú nínú kéèyàn rà á. Ohun tó burú ni kéèyàn sanwó láìmọ̀ bóyá motherboard òun máa gbà á. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Xeon rí.

Ihò tí processor ń jókòó sí ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò. Xeon E3-1230 v2, tó jáde lọ́dún 2012, ń lo LGA 1155, ihò kan náà tí Core i5 àti i7 ìgbà náà ń lò, ọ̀pọ̀ motherboard kọ̀ǹpútà ilé ló sì gbà á. Ṣùgbọ́n E5-2670, tóun náà jáde lọ́dún yẹn, LGA 2011 ni tiẹ̀. Kò lè jókòó síhò ti àkọ́kọ́ láéláé.

Pé processor wọ ihò ò tíì ní kó ṣiṣẹ́. E3-1230 v5 ti ọdún 2015 ń lo LGA 1151 bíi ti Core i5-6500, àmọ́ Intel ò ṣe é fún motherboard H110 tàbí Z170 tó wà nínú kọ̀ǹpútà ilé. Èyí tó bá ní chipset C232 tàbí C236 ló ń fẹ́. Bákan náà, àwọn E3-1230 yìí ò lè gbé àwòrán sójú ẹ̀rọ fúnra wọn, àfi kéèyàn tún ra graphics card. RAM server tí wọ́n kọ Registered sí lára kì í sì í ṣiṣẹ́ lórí motherboard lásán. Owó tí oníṣòwò rò pé òun ṣẹ́ kù, ibẹ̀ ló máa bá lọ.

Kó tó lọ sí Computer Village n'Íkẹjà, kí oníṣòwò kọ orúkọ motherboard rẹ̀ sílẹ̀. Tó bá tẹ msinfo32 sínú Windows, á rí i níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe motherboard náà to gbogbo processor tó gbà sí, pẹ̀lú irú BIOS tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fẹ́. Bí Xeon náà ò bá sí níbẹ̀, kó má rà á.

Àwọn tó ń tajà náà ní ẹjọ́ tiwọn. “Ọjà tá a bá ti tà, a kì í gbà á padà” kì í ṣe òfin. Abala 122 nínú òfin ìdáàbòbò oníbàárà Nàìjíríà ti ọdún 2018 sọ pé bí oníbàárà bá ti sọ ohun tó fẹ́ fi ọjà ṣe fún ẹni tó ń tà á, tí ọjà náà ò sì wúlò fún un, ó lè dá a padà láìpẹ́, kó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Nítorí náà, kí oníṣòwò dárúkọ motherboard rẹ̀ fún ẹni tó ń tajà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú rìsíìtì. Ẹni tó bá kọ̀ láti kọ ọ́, kó fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀.