Ẹ Má Tẹ́ Rọ́ọ̀gì Sílé Irin

Ẹni tó bá fẹ́ fi owó ẹ̀yáwó sọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ di ilé tí àwọn ọ̀dọ́ á ti máa gbé irin, iṣẹ́ rere ló dáwọ́ lé. Ní ìdíje Commonwealth ní Birmingham, lọ́dún 2022, Adijat Olarinoye gbé kílò 203, Rafiatu Lawal gbé kílò 206, àwọn méjèèjì gba góòlù fún Nàìjíríà. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ilẹ̀ ńkọ́? Irin tó bá já lu sìmẹ́ǹtì lásán á fọ́ ilẹ̀, á ba ara rẹ̀ jẹ́. Àwọn kan ní kí á tẹ́ rọ́ọ̀gì tàbí fóòmù torí pé kò wọ́n. Èmi ò fara mọ́ ọn. Rọ́ọ̀gì ò gba ẹrù. Fóòmù a máa rì, ẹsẹ̀ ẹni tó gbé irin sókè á yẹ̀.

Rọ́bà ni kí ẹ rà, kó nípọn tó mìlímítà 20 níbi tí irin ń bọ́ sí. Èyí tí wọ́n fi táyà àlòkù ṣe náà dára. Ẹ kọ́kọ́ fi èékánná họ ọ́. Bó bá ń rún, ẹ dá a padà.

Owó rẹ̀ pọ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n rọ́ọ̀gì á ti ya kí á tó san ẹ̀yáwó tán; rọ́bà á ṣì wà nílẹ̀.