Odò Deatnu: Bí Ẹja Bá Lọ, Ta Ni Yóò Máa Pe Orúkọ Rẹ̀?

Lónìí, mo fẹ́ kí a jọ rìn jìnnà díẹ̀, kí a dé ìhà àríwá pátápátá ní ilẹ̀ Nọ́wè, níbi tí oòrùn kì í wọ̀ láàárín ìgbà ooru, tí kì í sì í yọ rárá láàárín ìgbà òtútù. Odò kan wà níbẹ̀ tí ó ní orúkọ mẹ́ta. Àwọn ará Nọ́wè ń pè é ní Tana, àwọn ará Fínlándì ń pè é ní Teno, ṣùgbọ́n Deatnu ni àwọn Sámi tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ ń pè é, ìyẹn ni odò ńlá. Orúkọ tí onílẹ̀ sọ ọ́ ni èmi yóò máa lò.

Ibi tí odò Anárjohka àti Kárášjohka ti pàdé ni Deatnu ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣàn lọ gẹ́gẹ́ bí ààlà láàárín Nọ́wè àti Fínlándì, lẹ́yìn náà ó yà sínú Nọ́wè, ó sì wọ inú Òkun Barents. Ọdún 1751 ni àwọn ọba tí ń gbé lọ́nà jíjìn fohùn ṣọ̀kan lórí ààlà yìí. Ẹja kò gbọ́ nípa rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìdílé Sámi tí ó wà ní bèbè méjèèjì kò tìtorí rẹ̀ di àjèjì sí ara wọn.

Ẹja sámọ̀n ni ògo odò náà. Ní ọdún 1928, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Henrik Henriksen fi ọ̀pá ìpẹja fa ọ̀kan jáde níbẹ̀ tí ó wọn kílò 36, èyí tí a ṣì kà sí èyí tí ó tóbi jù lọ nínú irú sámọ̀n ti Òkun Àtìláńtíìkì tí ẹnikẹ́ni tíì fi ọ̀pá mú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe títóbi ẹja ni ó gbé mi dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni. Inú àwọn odò kéékèèké tí ń ṣàn wọ Deatnu ni wọ́n ti ń pa ẹja náà, ó ń gbé inú omi tútù náà fún ọdún mélòó kan, ó ń lọ sí òkun lọ sanra, ó sì ń padà sí odò tí a gbé pa á. Èyí tí ó lo ọdún kan péré ní òkun kí ó tó padà, diddi ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Sámi. Èyí tí ó jù ú lọ díẹ̀ ni luosjuolgi. Nígbà tí ó bá di àgbà tán ni wọ́n tó ń pè é ní luossa. Bí ó bá jẹ́ akọ ńlá, goadjin ni. Bí ó bá jẹ́ abo, duovvi ni.

Ohun èlò náà ní orúkọ tirẹ̀. Golgadat ni àwọ̀n tí a ń jẹ́ kí omi máa gbé lọ, tí ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ sì ń tẹ̀ lé e. Buođđu ni ọgbà tí a fi igi àti ẹ̀ka igi kàn sínú odò láti darí ẹja sínú àwọ̀n. Ẹni tí yóò kàn án gbọ́dọ̀ mọ bí omi ti ń fà àti ibi tí ẹja ń gbà kọjá. Kò sí ìwé tí ó lè kọ́ni ní èyí tán.

Ní tèmi, mo gbà pé ọkọ̀ ìpẹja wà lára ohun tí ó gba èdè náà là. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1902 kò gbà kí ẹni tí kò lè sọ èdè Nọ́wè, kí ó kà á, kí ó sì kọ ọ́, ra ilẹ̀ ìjọba ní Finnmark. Ní ilé-ìwé, wọ́n fi ipá gba èdè lẹ́nu ọmọ Sámi. Ṣùgbọ́n lórí omi, bàbá ni olùkọ́.

Ẹ wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2017, Nọ́wè àti Fínlándì ṣe àdéhùn tuntun tí ó dín fífi àwọ̀n pẹja kù gidigidi. Inú bí àwọn Sámi. Àwọn kan, tí wọ́n pe ara wọn ní Ellos Deatnu, kéde ní erékùṣù Čearretsuolu pé òfin náà kò múlẹ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀ ẹja ń dín kù sí i. Ní ọdún 2021, wọ́n ti pípa sámọ̀n pa ní bèbè méjèèjì, ó sì wà ní títì ní 2022, 2023 àti 2024. Ọmọ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí wọ́n tì í ti di ọmọ ọdún mọ́kànlá ní 2024, ọjọ́ orí tí ó yẹ kí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ àjẹ̀ dáadáa.

N kò bá àwọn tí ó ti odò náà jà. Bí ẹja bá tán, diddi yóò di ọ̀rọ̀ òkú, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ohun tí mo ń rojọ́ lé lórí ni pé ẹja nìkan ni wọ́n ń kà. Àwa náà mọ bí ó ti ń rí. Ẹ bi ọmọ Yorùbá ìlú ńlá tí kò dé ẹbu epo rí kí ni ihá àti ògùṣọ̀, kí ẹ sì wo ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí lẹ́nu rẹ̀.

Èrò mi ni pé, ní ìgbà ooru kọ̀ọ̀kan, kí a fi àyè sílẹ̀ fún ìwọ̀nba àwọ̀n díẹ̀, bí ẹyọ kan ní abúlé kan, lábẹ́ ojú àwọn àgbà tí ó mọ iṣẹ́ náà, kí àwọn ọmọdé sì wà nínú ọkọ̀. Kí a ka gbogbo ẹja tí wọ́n bá mú, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn arìnrìn-àjò tí ń wá fi ọ̀pá ṣeré dúró títí ẹja yóò fi pọ̀ dáadáa. Bí àwọ̀n náà bá sì jáde lófìfo, kí wọ́n tún un tẹ́ sórí bèbè, kí àgbà náà sọ fún ọmọ náà irú ẹja tí ì bá wà nínú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn.