Ẹnu Dùn-ún Ròfọ́: Ariwo Orí Fóònù àti Ìbò Inú Àpótí

Ẹnu dùn-ún ròfọ́, agada ọwọ́ dùn-ún ṣánko. Ṣáájú ìbò ààrẹ ọjọ́ 25, oṣù Kejì, ọdún 2023, kò sí ọbẹ̀ tí a kò fẹnu sè tán lórí Facebook àti Twitter. Nígbà tí ọjọ́ pé, àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 93; àwọn tó dìbò kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 25 lọ. Èkó tí ariwo ti pọ̀ jù ńkọ́? Orúkọ tó wà nílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 7, àwọn tó yọjú kò pé mílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Àwọn yòókù ń bẹ nílé, wọ́n ń jẹ dátà.

Àwọn kan yóò ní, "Bí a bá dì í, ṣé wọn yóò kà á ni?" Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. INEC, àjọ tó ń ṣètò ìbò, ṣèlérí pé àwòrán ìwé èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan yóò gorí ìkànnì IReV lọ́jọ́ náà gan-an. Ti àwọn aṣòfin gòkè, ti ààrẹ há lọ́jọ́ náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé àìgòkè rẹ̀ kò sọ ìbò náà di asán. Ìdájọ́ ni, a gbà. Ó dun ọ̀pọ̀ ènìyàn wọra.

Ṣùgbọ́n ṣé torí ìyẹn ni ká ṣe jókòó sílé? Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Bí àwọn òṣìṣẹ́ INEC bá ka ìbò tán ní gbangba, wọn a kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ a buwọ́ lù ú, wọn a sì lẹ ẹ̀dà kan síta ní ibùdó. Ibẹ̀ gan-an ni fóònù ti wúlò. (Ẹ má mú un dé ibi tí ẹ ti ń tẹ̀ka o, INEC kò gbà á.) Ẹ ya àwòrán ìwé yẹn, kí nọ́ńbà ibùdó àti iye ìbò hàn ketekete. Bí ti INEC bá gòkè, ẹ gbé méjèèjì síra. Lórí IReV yìí náà ni àwọn ará ìlú ti tú ìwé tí wọ́n pa iye ara rẹ̀ rẹ́ síta ní 2023. Àwọn tó tú u kò bú ẹnikẹ́ni. Ìwé ni wọ́n gbé jáde, kò sì sẹ́ni tó lè fi èébú dá ìwé lóhùn.

Ìbò mìíràn ń bọ̀ ní 2027. Ẹ̀yin tí káàdì ìdìbò yín ṣì wà ní ọ́fíìsì INEC, ẹ lọ gbà á ná, kí ẹ tó wá bá wa jà lórí Facebook.