Ìdánwò NCMHCE Tuntun: Bí Agbaninímọ̀ràn Ṣe Lè Múra Sílẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ gbàwé àṣẹ agbaninímọ̀ràn lórí ìlera ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, oyè másítà nìkan kò tó o. Ó tún gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò àjọ NBCC (National Board for Certified Counselors). Méjì ni wọ́n: NCE (National Counselor Examination) àti NCMHCE (National Clinical Mental Health Counseling Examination). Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ èyí tó fẹ́. Bí àpẹẹrẹ, NCMHCE ni New York ń béèrè kó tó fúnni ní ìwé àṣẹ LMHC (Licensed Mental Health Counselor). Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ìwé tàbí kíláàsì, ẹ kọ́kọ́ bi ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ yín léèrè.

NCMHCE ni àlàyé yìí dá lé, torí wọ́n tún un tò pátápátá ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Tẹ́lẹ̀, ìtàn oníbàárà 10 ló wà níbẹ̀. Láwọn ibì kan, èèyàn á mú gbogbo ìdáhùn tó bá rò pé ó yẹ. Bó bá mú èyí tí kò yẹ, máàkì á dín kù, kò sì ní lè yí i padà mọ́. Ní báyìí, ìtàn 11 ni, ìbéèrè 9 sí 15 ló sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdáhùn kan ṣoṣo ló tọ̀nà fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìbéèrè á tó 130 sí 150, ṣùgbọ́n 100 péré ni wọ́n ń ka máàkì rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní sọ fún yín èyí tí wọn kò kà, torí náà ẹ dáhùn gbogbo rẹ̀ tọkàntọkàn. Ìṣẹ́jú 225 ni wọ́n fún yín. Ìtàn kan kò gbọ́dọ̀ gbà ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ.

Ibo ni máàkì pọ̀ sí? Ọgbọ́n ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àti ìtọ́jú ló kó 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Gbígba ìtàn oníbàárà, àyẹ̀wò àti dídá àìsàn mọ̀ kó 25. Ìlànà iṣẹ́, ètò ìtọ́jú àti ìwà tó yẹ agbaninímọ̀ràn pín ìyókù, 15-15. Ẹni tó bá kàn há orúkọ àìsàn sórí kò tíì kàwé dé ìdajì.

Ìtàn kọ̀ọ̀kan ní ìpele mẹ́ta: ọjọ́ tí oníbàárà kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ìjókòó méjì mìíràn. Ọ̀rọ̀ sì máa ń yí bí ìtàn ṣe ń lọ. Ẹ jẹ́ ká wo obìnrin kan tó ní ìjàǹbá ọkọ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Àlá burúkú ń jí i lóru, kò lè wọ ọkọ̀ mọ́, bí ilẹ̀kùn bá dún, àyà rẹ̀ á já. Ẹni tó ń kánjú á ní PTSD ni, ìyẹn àìsàn ọkàn tí ìṣẹ̀lẹ̀ ẹ̀rù máa ń fà. Rárá o. DSM-5-TR, ìwé tí wọ́n fi ń dá àìsàn ọpọlọ mọ̀, sọ pé ìdààmú náà gbọ́dọ̀ pẹ́ ju oṣù kan lọ kí a tó pè é bẹ́ẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí oṣù kan, acute stress disorder (ìdààmú ọkàn ìgbà kúkúrú lẹ́yìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀) ni à ń wò. Bí ìjókòó kejì bá wá wáyé ní ọ̀sẹ̀ keje lẹ́yìn ìjàǹbá náà tí nǹkan kò sì dẹ̀, ìdáhùn lè yí padà sí PTSD nìyẹn. Ọjọ́ àti ọ̀sẹ̀ inú ìtàn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ẹ fa ìlà sí i lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ojú Yorùbá wo obìnrin yìí. Ó ní, "Ọkọ mi ní ojo ni mí." Kí lẹ máa sọ? Nílé wa, àgbà á ní, "Ẹ ṣe sùúrù, ọkùnrin ni, yóò yé e." Ẹlòmíì á tilẹ̀ ní kí wọ́n pe ọkọ wá. Ìmọ̀ràn àgbà ni, ó sì ní ibi tó ti wúlò, ṣùgbọ́n nínú ìdánwò yìí, máàkì lọ nìyẹn. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dùn ún tó, kí ẹ sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ síwájú. Ẹ má sì dá ẹjọ́ tọkọtaya: agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Àmọ́ bí oníbàárà bá fẹnu kan pé ayé sú òun, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀: ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, kí gbogbo nǹkan yòókù tó tẹ̀ lé e.

Báwo lẹ ṣe máa wá kàwé? Ẹ wo ọdún tí wọ́n tẹ ìwé tí ẹ fẹ́ rà. Èyí tí wọ́n ṣe fún ìdánwò àtijọ́ kò lè kọ́ yín bí tuntun ṣe rí. Ẹ gba ìwé ìtọ́sọ́nà NBCC, kí ẹ ka àkójọ ohun tí ìdánwò dá lé nínú rẹ̀ tán. Bí ẹ bá ń fi ìtàn dánra wò, ẹ gbé aago síwájú, kí ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀ lórí ìtàn kọ̀ọ̀kan: ohun tó gbé oníbàárà wá, ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, ewu tó wà níbẹ̀, ohun tó yí padà láti ìjókòó tó kọjá. Bí ẹ bá ṣì í, ẹ kọ ìdí tí ìdáhùn yín kò fi tọ̀nà. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń múra, ẹ má ṣe kàwé fún ìdánwò yìí bí ẹni ń há kátíkísìmù sórí. Ẹ kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni délẹ̀ ká tó lanu. Òun ni ìdánwò ń béèrè, òun náà sì ni oníbàárà yín máa béèrè lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tí ìwé àṣẹ bá tẹ̀ yín lọ́wọ́.