Wọ́n Bí I Tán, Wọ́n Ní Àwọn Ò Mọ̀ Ọ́n Rí

Ọjọ́ 43 ni iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fi dúró ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2025, láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá títí di ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá. Títí di ìgbà náà, kò sí èyí tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ìtàn wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń lọ síbi iṣẹ́ láìrí owó oṣù gbà, àwọn tó ń darí bàálù láti ilẹ̀ sì dín kù lẹ́nu iṣẹ́ débi pé ìjọba ní kí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú dín ìrìnàjò wọn kù. Ogun kọ́ ló fà á. Owó tí ìjọba fi kún ìrànwọ́ fún àwọn tó ń fúnra wọn ra adójútòfò ìlera ló dá ìjà sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Democrat ní àwọn kò ní fọwọ́ sí ìnáwó àyàfi tí wọ́n bá sún àfikún yẹn síwájú kí ọdún tó parí. Ẹgbẹ́ Republican ní kí iṣẹ́ ìjọba kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ná. Nígbà tí sẹ́nétọ̀ mẹ́jọ yà kúrò lẹ́yìn àwọn Democrat, tí wọ́n dìbò kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, àfikún owó náà kò sí nínú àdéhùn. Lọ́jọ́ 31 oṣù kejìlá, ó tán.

Ẹni tó bá jókòó sí Ìbàdàn tàbí Òṣogbo tó ń gbọ́ ariwo yìí lórí rédíò lè rò pé ìjà ìgbàgbọ́ ni: pé àwọn kan gbà pé ojúṣe ìjọba ni láti wo aláìsàn, àwọn kejì sì gbà pé kí oníkálukú gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Ìwọ̀nba òtítọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá tú ìtàn náà dé ìdí, a óò rí i pé òfin ìlera tí ìrànwọ́ yìí wà nínú rẹ̀, tí ẹgbẹ́ Republican ti ń bá jà láti ọdún 2010, ọ̀dọ̀ tiwọn gan-an ni èrò tó gbé e ró ti wá. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń pariwo pé àwọn máa fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, tí òmíràn náà kò sì yọjú títí di òní.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1986. Ọdún yẹn ni Ààrẹ Ronald Reagan fọwọ́ sí òfin tó ní ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ lé ẹni tó wà lẹ́nu ikú padà nítorí pé kò lówó lọ́wọ́. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò san owó ìtọ́jú náà? Ọgbọ́n tí ilé ìwòsàn ń dá ni láti bù ú lé owó àwọn tó ní adójútòfò. Nígbà tó di ọdún 1989, Heritage Foundation, ilé ìmọ̀ràn tí àwọn Republican máa ń fetí sí, dábàá pé kí ìjọba sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ìdílé láti ní adójútòfò, kí ẹnikẹ́ni má baà máa jẹ lórí ẹlòmíràn. Lọ́dún 1993 tí Bill Clinton àti Hillary ìyàwó rẹ̀ gbé ètò tiwọn jáde, John Chafee, sẹ́nétọ̀ Republican láti Rhode Island, kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan jọ, wọ́n gbé àbá tiwọn síwájú, dandan yìí sì wà nínú rẹ̀. Ètò Clinton kú lọ́dún 1994, ti Chafee náà kò lọ síbì kankan. Mitt Romney, gómìnà Republican ní Massachusetts, ló wá sọ èrò náà di òfin. Lọ́jọ́ tó fọwọ́ sí i ní oṣù kẹrin ọdún 2006, Ted Kennedy, àgbà nínú ẹgbẹ́ Democrat, wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Barack Obama wá gbé e wọ Washington. Okùn mẹ́ta ni wọ́n lọ́ pọ̀: ilé iṣẹ́ adójútòfò kò gbọdọ̀ kọ aláìsàn, oníkálukú gbọ́dọ̀ ní in, ìjọba yóò sì ran ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a lọ́wọ́. Bí ti Massachusetts ṣe rí náà nìyẹn. Lọ́jọ́ tí Kérésìmesì ọdún 2009 ku ọ̀la, sẹ́nétọ̀ 60 dìbò fún un, 39 kọ̀ ọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2010, aṣojú-ṣòfin 219 gbà á, 212 kọ̀. Kò sí Republican kan ṣoṣo tó dìbò fún òfin náà nínú ilé méjèèjì. Kó tó di ìgbà náà, Sarah Palin, tó bá wọn du ipò igbákejì ààrẹ lọ́dún 2008, ti kọ ọ́ sórí Facebook pé ìgbìmọ̀ kan yóò wà tí yóò máa pinnu ẹni tó yẹ kí wọ́n tọ́jú àti ẹni tí kò yẹ. Irọ́ funfun báláú. Joe Wilson, aṣòfin láti South Carolina, náà pariwo mọ́ Obama lójú gbogbo ayé pé irọ́ ló ń pa. Yorùbá ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Àwọn wọ̀nyí rí ìlẹ̀kẹ̀ nídìí ọmọ tiwọn, wọ́n ní àwọn ò mọ ọmọ náà rí, nítorí pé ẹlòmíràn ló so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn.

N kò sọ pé ọwọ́ àwọn Democrat mọ́ o. Obama ṣèlérí léraléra pé ẹni tí ètò tó ní bá tẹ́ lọ́rùn kò ní pàdánù rẹ̀. Nígbà tí ọdún 2013 ń lọ sópin, lẹ́tà ìfagilé ń já sọ́wọ́ àìmọye èèyàn, ìkànnì tí wọ́n ní kí wọ́n lọ ra òmíràn sì dákú lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, tí owó tó ń wọlé fún un fi díẹ̀ ju ibi tí ìrànwọ́ dé lọ, òun nìkan ló ń dá ẹrù náà rù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n rí ìyẹn, wọ́n fi owó kún ìrànwọ́ náà lọ́dún 2021. Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́ sínú òfin pé yóò tán, àwọn náà ló sún un lọ́dún 2022 dé ìparí ọdún 2025, kò sì sí ẹni tó fi tipátipá mú wọn yan ọjọ́ yẹn.

Ọdún 2017 ló tú àṣírí àwọn Republican. Ilé Ààrẹ àti ilé aṣòfin méjèèjì, gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé Obama kò ní fọwọ́ sí i, àìmọye ìgbà ni wọ́n ti dìbò pé kí wọ́n pa òfin yìí rẹ́. Wàyí o, Donald Trump ló di kálàmù mú. Ilé aṣojú-ṣòfin gba àbá láti pa á rẹ́, 217 sí 213. Nígbà tó dé ilé àgbà, wọ́n gé e títí, ó ku egungun. Lóru ọjọ́ 28 oṣù keje, John McCain, sẹ́nétọ̀ Republican tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún tí wọ́n sì bá jẹjẹrẹ nínú ọpọlọ rẹ̀, rìn síwájú, ó na ọwọ́, ó sì dorí àtàǹpàkò rẹ̀ kodò. Òun àti Republican méjì mìíràn, Susan Collins àti Lisa Murkowski, ló mú kí ìbò náà jẹ́ 49 sí 51. Ọdún méje ni wọ́n fi ṣèlérí! Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, nígbà tí wọ́n bi Trump léèrè ètò tirẹ̀ níbi tí òun àti Kamala Harris ti ń fọ̀rọ̀ wérọ̀, ó ní èrò nípa ètò kan wà lọ́wọ́ òun. Èrò nípa ètò. Ká má tíì wá sọ ètò fúnra rẹ̀.

Ìdí tí wọn kò fi rí ètò náà kò ṣòro mọ̀. Bí o bá fẹ́ kí ilé iṣẹ́ aládàáni máa ta adójútòfò, tí o kò sì fẹ́ kí wọ́n lé aláìsàn, dandan ni kí o wá bí ẹni tí ara rẹ̀ dá yóò ṣe rà á pẹ̀lú. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí àìsàn bá dé nìkan ni èèyàn ń sáré rà á, owó rẹ̀ yóò ga kọjá ẹnu sísọ. Bí o bá kọ ìyẹn, ọ̀nà méjì ló kù: kí ìjọba máa san owó ìtọ́jú gbogbo ènìyàn fúnra rẹ̀ bí sẹ́nétọ̀ Bernie Sanders ṣe ń fẹ́, tàbí kí a padà síbi tí wọ́n ti ń lé aláìsàn. Republican kò fẹ́ ti àkọ́kọ́, ojú sì ń tì wọ́n láti pe èkejì lórúkọ. Wọ́n ti sọ owó ìtanràn ẹni tí kò ní adójútòfò di òdo láti ọdún 2019. Síbẹ̀, ọjà adójútòfò yẹn kò wó, nítorí pé owó ìrànwọ́ ń fa àwọn tó lera wọlé. Àfikún rẹ̀ ni wọ́n jẹ́ kó tán yìí. KFF, ilé ìwádìí ètò ìlera, ṣírò rẹ̀ pé owó tí ẹni tó ń gba ìrànwọ́ ń san láti àpò ara rẹ̀ lọ́dún yóò fò láti nǹkan bí dọ́là 888 sí 1,904.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Àwọn ará wa pọ̀ ní Houston, ní Atlanta, ní Maryland, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà níbẹ̀. Ẹ wo òbí tí ọmọ rẹ̀ ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde. Kí òfin yìí tó dé, bí bàbá bá pàdánù iṣẹ́ tó fún wọn ní adójútòfò, tó wá lọ bá ilé iṣẹ́ adójútòfò fúnra rẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wọ́n lè wo ìwé ìlera ọmọ náà kí wọ́n ní àwọn kò gbà á. Bí wọ́n tilẹ̀ gbà á, wọ́n lè fi gbèdéke sí iye tí wọn yóò ná lé e lórí títí ayé rẹ̀. Òfin náà fòpin sí méjèèjì, ó sì jẹ́ kí ọmọ wà lábẹ́ ètò òbí rẹ̀ títí yóò fi pé ọmọ ọdún 26. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan èyí, kó wá ṣàlàyé fún ìyá ọmọ náà.

Ibi tí èèyàn ń gbé tún wà níbẹ̀. Ní ọdún 2012, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá òfin náà láre, 5 sí 4. Adájọ́ àgbà John Roberts, tí George W. Bush yàn, ló gbà á là. Ìdájọ́ kan náà ló fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti kọ̀, tí wọn kò bá fẹ́ kí Medicaid, ètò ìlera àwọn tálákà, kárí sí i. Ìpínlẹ̀ 40 ti gbà. Mẹ́wàá ṣì kọ̀, Texas, Georgia àti Florida sì wà nínú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba àpapọ̀ ló ń san dọ́là 90 nínú 100 ìnáwó àwọn tí ètò náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Ọmọ onílùú tí kò ní ọmọ tó ń tọ́, tí owó tó ń rí kò tó ìlà òṣì, yóò gba Medicaid ní Baltimore. Bó bá ń gbé ní Houston, kò ní rí i gbà, kò sì ní rí ìrànwọ́ fi ra adójútòfò, nítorí òfin ní owó tó ń wọlé fún un ti kéré jù. Ẹni ọ̀hún kan náà, owó kan náà.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2025, Mike Crapo àti Bill Cassidy, sẹ́nétọ̀ Republican méjì, dábàá pé kí ìjọba fi dọ́là 1,000 sí 1,500 lọ́dún sínú àpò ìfowópamọ́ ìlera fún àwọn tó bá ra ètò tó pọ́ọ́kú jù. Wọ́n ní dípò kí owó máa wọ àpò ilé iṣẹ́ adójútòfò, kó lọ sọ́wọ́ aráàlú tààrà. N kò ní fi ẹnu tẹ́ḿbẹ́lú rẹ̀, torí dókítà ni Cassidy, bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ wọ̀nyẹn ń jẹ owó ìjọba ní àjẹyó lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tí jẹjẹrẹ dé bá, kí ló fẹ́ fi dọ́là 1,500 ṣe? Àbá náà kò rí ìbò tó tó, àbá àwọn Democrat láti sún àfikún náà síwájú náà kò rí i. Òfin ńlá tí Trump fọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 2025 sì tún wà nílẹ̀. Àwọn oníṣirò ilé aṣòfin fúnra wọn ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 èèyàn ni òfin yẹn yóò fi kún àwọn tí kò ní adójútòfò nígbà tó bá fi di ọdún 2034.

Ìbò aṣòfin ń bọ̀ lóṣù kọkànlá ọdún 2026. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ti di ọmọ onílùú lọ́hùn-ún, wọn yóò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì yín, wọn yóò wá sí mọ́ṣáláṣí yín, wọn yóò jẹ ìrẹsì yín. Ẹ bi Republican tó bá dé pé kí ló fẹ́ fi rọ́pò òfin yìí, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ rí i. Ẹ bi Democrat pé ọdún wo ni ìrànwọ́ tó ń ṣèlérí rẹ̀ yóò tún tán. Èyí tí kò bá rí èsì fọ̀ nínú wọn, ẹ má dìbò fún un.