Ẹni Tó Jíṣẹ́ Kọ́ Ló Ṣẹ̀



Bí ọmọ bá sáré wọlé wá wí pé, «Màmá, ọbẹ̀ ń jóná,» ṣé ìyá rẹ̀ yóò gbá a létí? Rárá o. Ìkòkò ni yóò kọ́kọ́ sáré lọ sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ tí a bá nà nítorí pé ó sọ òótọ́ yóò kọ́ bí a ti ń dákẹ́, ọjọ́ tí ilé bá ń jó gan-an ni a ó sì mọ ohun tí a ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn oníròyìn nínú ìlú.

A kò tíì gbàgbé ọdún 2019. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin, ọjọ́ ìdìbò àwọn aṣòfin, wọ́n gé íntánẹ́ẹ̀tì ní Bẹ̀nẹ̀. Ní oṣù kẹfà, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn agbófinró àti ará ìlú, níbí ní Tchaourou àti ní Ṣábẹ̀ẹ́.

Nígbà tó di oṣù kejìlá, oníròyìn kan, Ignace Sossou ti Benin Web TV, lọ sí ìpàdé kan ní Kútọnu. Agbẹjọ́rò ìjọba, Mario Mètonou, sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Sossou kọ ọ́ sórí Twitter pé ọkùnrin náà sọ pé gígé íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ ìdìbò fi àìlera àwọn aláṣẹ hàn. Agbẹjọ́rò ní wọ́n lọ́ ọ̀rọ̀ òun. Ní ọjọ́ 20, wọ́n mú Sossou. Ní ọjọ́ 24, nígbà tí ìdílé gbogbo ń múra àìsùn Kérésìmesì, ilé ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n oṣù 18 fún un, pẹ̀lú ìtanràn 200,000 CFA. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dín ẹ̀wọ̀n náà kù; ó jáde ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà, ọdún 2020.

Òfin wo ni wọ́n fi mú un? Apá 550 nínú òfin íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2018, èyí tó sọ̀rọ̀ nípa yíyọ ènìyàn lẹ́nu lórí ẹ̀rọ. Irú òfin bẹ́ẹ̀ dára láti gba ọmọ wa lọ́wọ́ ẹni tó ń halẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn kọ ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba sọ ní gbangba, ìyọlẹ́nu wo ló wà níbẹ̀?

Ẹnìkan lè wí pé oníròyìn náà a máa purọ́. Òótọ́ ni, àwọn kan ń purọ́. Ẹni tí wọ́n bá purọ́ mọ́, kí ó fèsì, kí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde, kí ará ìlú ka méjèèjì. Ẹ̀wọ̀n kì í ṣe èsì.

Àwọn àgbà wa rántí ìgbà Ehuzu, tí ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ kan ṣoṣo jẹ́ ti ìjọba. Ìpàdé ńlá oṣù kejì ọdún 1990, tí Mọnsíyọ̀ Isidore de Souza ṣe alága rẹ̀, ló ṣí ọ̀nà mìíràn. Òfin ńlá ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún náà, ní apá 24, ṣèlérí òmìnira fún oníròyìn. Síbẹ̀, nínú ìwọ̀n tí ẹgbẹ́ Reporters Without Borders ń ṣe, ipò 96 ni Bẹ̀nẹ̀ wà ní ọdún 2019. Ní ọdún 2020, ó já sí 113.

Àwọn baba wa ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ta ló rán oníròyìn níṣẹ́? Àwa ni: àwa tó fẹ́ mọ̀ bóyá owó ilé ìwé dé ilé ìwé, bóyá oògùn dé ilé ìwòsàn. Bí ẹ̀rù bá pa á mọ́nu, òfófó ni yóò máa jíṣẹ́ fún wa, a sì mọ ohun tí òfófó ń dá sílẹ̀ nínú ìlú.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Bí ọmọ bá mú ìròyìn wá, ẹ bi í pé, «Ṣé o rí i fúnra rẹ, àbí wọ́n sọ fún ọ ni?» Bí ó bá sì jẹ́ òótọ́, kódà bí ó dùn wá, ẹ má ṣe lù ú. Ẹ lọ wo ìkòkò.