ÌMỌ̀RÀN FÚN ILÉ: IṢU INÚ ÀKÁ Ń SÙN, KÒ KÚ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó rò pé nígbà tí a bá ti wa iṣu kúrò nínú ebè, tí a sì kó o sí àká, ìwà láàyè rẹ̀ ti dópin. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Oorun ni iṣu ń sùn. Iṣu funfun a máa sùn tó oṣù 3 tàbí 4 kí ó tó hù. Àlọ̀ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń sùn kò ṣàì mí, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣàì lo agbára. Sítáàṣì tí ewé kó jọ sínú iṣu nígbà òjò ni oúnjẹ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń sọ ọ́ di ṣúgà, tí ó sì ń jó ṣúgà náà nínú ara rẹ̀, bí fìtílà ti ń jó epo. Ooru àti omi a sì máa ti ara rẹ̀ jáde. Ìdí nìyí tí iṣu fi ń fúyẹ́ nínú àká, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ bù ú jẹ.

Nígbà tí ó bá jí, ìnáwó náà a di ńlá. Sítáàṣì a máa yára di ṣúgà, ṣúgà a sì máa lọ bọ́ èéhù. Nítorí náà ni iṣu àgbà ṣe ń dùn lẹ́nu; ṣùgbọ́n bí a bá fi èéhù sílẹ̀ pẹ́, ara iṣu a rọ, a sì hunjọ.

Kí ni kí a ṣe? Èkíní, ẹ má ṣe kó iṣu tí ọkọ́ tàbí àdá ti ṣá mọ́ èyí tí ara rẹ̀ pé, nítorí ojú ọgbẹ́ ni ìjẹrà ń gbà wọlé. Èkejì, ẹ jẹ́ kí àká ní ìbòòji àti afẹ́fẹ́. Iṣu tí a tò lé ara wọn láìsí àyè a máa fi ooru ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ máa yẹ̀ wọ́n wò, kí ẹ sì ṣẹ́ èéhù ara iṣu jíjẹ. Ti èbù ni kí ẹ dá sí. Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe gbé odindi iṣu sínú fíríìjì, nítorí òtútù tí kò tó ìwọ̀n 12 lórí òṣùwọ̀n Celsius a máa ba ara rẹ̀ jẹ́. Ànàmọ́ òyìnbó lè fara da òtútù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, sítáàṣì tirẹ̀ náà a di ṣúgà, a sì dúdú nígbà tí a bá dín in.

Ilé tí ó bá ṣọ́ oorun iṣu rẹ̀ yóò rí iyán gún títí iṣu titun yóò fi dé, kì yóò sì wá èbù tì nígbà tí òjò bá rọ̀.